Ẹ̀rọ tí ń ka ọ́síjìn láti alẹ́ dòwúrọ̀: ohun tí a rí nínú rẹ̀ ní Kubwa, Abuja

Ọkọ mi máa ń hanrun láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kíyè sí i pé híhanrun náà a máa dáwọ́ dúró lójijì, àyà wọn a máa tiraka láìsí pé atẹ́gùn kankan ń wọlé, kí wọ́n tó mí kanlẹ̀ bí ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú odò. Àwọn dókítà ń pe irú èyí ní sleep apnea: ọ̀fun a pa dé lójú oorun, èémí a sì dúró fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, lọ́pọ̀ ìgbà lóru kan. Ọjọ́ tí oorun gbé wọn lọ nídìí ọkọ̀ lójú títì Kubwa sí Wuse ni mo pinnu pé a ó wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wọn nílé.

Èyí tí a kọ́kọ́ rà ni ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi há ìka, irú èyí tó kún ilé ìtajà oògùn láti ìgbà kòrónà. Ó ka 97% lọ́sàn-án, inú wọn sì dùn. Kò wúlò fún ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ẹni tó lajú sílẹ̀ ń mí dáadáa. Mo gbìyànjú láti jókòó tì wọ́n lóru kí n máa ka nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ní láti rìn láti inú ẹ̀dọ̀fóró dé orí ìka, nítorí náà èémí lè ti padà kí nọ́ńbà tó wálẹ̀ tán.

Ẹ̀rọ tí mo ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ gan-an ni èyí tí a wá rà ní ṣọ́ọ̀bù ohun èlò ìṣègùn kan ní Garki. A ń dè é mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago, okùn kékeré kan sì so ó mọ́ rọ́bà rírọ̀ tí a ń kì bọ ìka. Ó ń tan ìmọ́lẹ̀ pupa àti ìmọ́lẹ̀ kejì tí ojú kò lè rí gba inú ìka kọjá. Ẹ̀jẹ̀ tó ru ọ́síjìn àti èyí tí kò ru ún kì í gba ìmọ́lẹ̀ méjèèjì mu bákan náà, ìyàtọ̀ yẹn ni ó sì fi ń ṣírò. Takuo Aoyagi, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Japan, ló ronú kan ọgbọ́n yìí ní 1972. Ohun tí tiwa fi ju èyí tí a fi ń há ìka lọ ni pé ó ń kọ gbogbo òru sílẹ̀, tó sì ń fi í ránṣẹ́ sí fóònù láàárọ̀.

Ibi tí áàpù rẹ̀ ti kùnà nìyí. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, ó fi àmì aláwọ̀ ewé hàn, ó ní ìpíndọ́gba òru náà jẹ́ 95%, ó sì fún wa ní máàkì tó ga. Ọkọ mi fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọ́síjìn rẹ̀ ń já sí 87% tó sì tún ń gòkè sí 97%, nígbà ọgọ́rùn-ún lóru kan, ṣì lè ní ìpíndọ́gba tó dára lójú. Àwòrán ìlà gbogbo òru ni kí ẹ ṣí. Tiwa rí bí eyín ayùn: ìlà a rọra sọ̀kalẹ̀, a sì yára ta gòkè, lílù ọkàn a sì le sí i ní àkókò tó ń gòkè yẹn, léraléra, pàápàá nígbà tí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀.

Nọ́ńbà tó kéré jù lọ, 71%, ló dẹ́rù bà mí jù, òun gan-an ni kò sì já mọ́ nǹkan kan. Ìlà náà já wálẹ̀ ṣánṣán lójú kan, ìlà lílù ọkàn sì parẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: rọ́bà ló yẹ̀ lórí ìka.

Èyí tó yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ ni iye ìgbà tí ọ́síjìn fi 3% tàbí 4% wálẹ̀ ní wákàtí kan, kí ẹ sì wádìí èwo nínú méjèèjì ni ẹ̀rọ yín ń lò, torí ẹni tó ń ka 3 yóò rí i ju ẹni tó ń ka 4 lọ. Ní ibùdó àyẹ̀wò oorun, bí èémí bá dúró tàbí tó dínkù nígbà 5 sí 14 ní wákàtí kan, a ní àìsàn náà kò tíì le. 15 sí 29 wà láàárín. 30 sókè le gan-an. Ọ́síjìn nìkan ni ẹ̀rọ ilé ń kà, kì í ka èémí, wákàtí tí a fi wọ̀ ọ́ ló sì fi ń pín in, kì í ṣe wákàtí tí a fi sùn. Bí ọ́síjìn bá wálẹ̀ nígbà 120 láàárín wákàtí 8, yóò sọ pé 15. Bí wákàtí 2 nínú rẹ̀ bá jẹ́ èyí tí ẹ fi ń wo fóònù lórí ibùsùn, 20 ni òótọ́ rẹ̀. Bákan náà, àwòrán tó tẹ́ pẹrẹsẹ kò túmọ̀ sí pé ara yá, nítorí pé èémí tó ń dínkù lè máa jí èèyàn lójú oorun láìjẹ́ kí ọ́síjìn tíì já.

Àwọn ohun mìíràn wà tó yẹ kí àwa tí a ń gbé níhìn-ín mọ̀. Ìwádìí kan tí àwọn oníṣègùn Yunifásítì Michigan gbé jáde ní 2020 fi hàn pé láàárín àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ kà sí 92% sí 96%, ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ gan-an kò tó 88% lára 11.7% àwọn aláwọ̀ dúdú, nígbà tí ó jẹ́ 3.6% lára àwọn aláwọ̀ funfun. Nítorí náà, mo gbẹ́kẹ̀ lé bí ìlà ṣe ń lọ sókè sódò ju nọ́ńbà kan ṣoṣo lọ. Làálì dúdú àti kútẹ́ẹ̀sì lè dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà. Ọwọ́ tó tutù nígbà ọyẹ́ náà a máa da ìṣírò rú. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni èéfín jẹnẹrétọ̀: afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ ń gba ààyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rọ náà kò sì mọ ìyàtọ̀, ó lè máa ka 98% fún ẹni tí èéfín ń pa lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe fi ẹ̀rọ yìí ṣe ẹ̀ṣọ́ ní alẹ́ tí iná kò bá sí.

Rọ́bà tí wọ́n kọ́kọ́ fún wa há jù fún ìka ọkọ mi, ṣọ́ọ̀bù náà sì pààrọ̀ rẹ̀ láìjanpata, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò ṣàlàyé ohunkóhun nípa lílò rẹ̀. Ìgbọ̀nrìrì tó fi ń kìlọ̀ máa ń jí wọn, àfi ìgbà tí a pa á. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti èyí tí a fi ń há ìka lọ dáadáa, síbẹ̀ èmi yóò tún un rà. A tẹ àwòrán òru mẹ́ta jáde, a gbé e lọ fún dókítà, òun ló sì kọ̀wé pé kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò oorun ní kíkún. Bí wọ́n bá wá fún wọn ní ẹ̀rọ CPAP tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí imú, aago ọwọ́ yìí náà ni a ó tún wọ̀ sùn, kí a lè rí i bóyá eyín ayùn yẹn ti kúrò níbẹ̀.