Corolla 2010 àbí Corolla 2020: èwo ló bá ọ̀nà Ifẹ̀ sí Iléṣà mu?

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń wa Corolla 2010. Nígbà tí àbúrò mi ra tòkunbọ̀ 2020, irú tí wọ́n ń pè ní SE, a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ara wa, mo sì ti fi méjèèjì ná ọ̀nà Iléṣà débi pé mo mọ àléébù wọn.

Ti 2020 rẹwà, n ò ní purọ́. Ojú rẹ̀ mú bíi ti àṣá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tèmi dà bí ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Ṣùgbọ́n bí iná iwájú tèmi bá kú, gílóòbù lásán ni, ríwáyà Lágéèrè ní Ifẹ̀ á fi sí i kíákíá. Ti 2020, LED ni, iná tí kò lo gílóòbù. Bó bá bàjẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ odidi iná lẹ máa rà. Ẹ tún wo ẹsẹ̀ rẹ̀: ríìmù 18, táyà 225/40 tó tẹ́ pẹlẹbẹ. Kòtò kan ṣoṣo lẹ́yìn Ọ̀ṣú, táyà àbúrò mi wú bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tí eyín ń ro. Irú LE, tó wọ ríìmù 16, ló bá wa mu.

Ní ti agbára, ẹ́ńjìnnì lítà 1.8 ni tèmi, agbára ẹṣin 132, gíà mẹ́rin. Ó máa ń kérora lórí òkè bí èrò bá kún inú rẹ̀. SE jẹ́ 2.0, agbára ẹṣin 169. CVT ni gíà rẹ̀ (gíà tí kò ní ìpele bíi mẹ́rin tèmi), ẹ má ṣe jẹ́ kí mẹ́káníìkì da ọ́ìlì gíà mìíràn sí i.

Àwọn oníṣòwò á ní 2020 ń wa ara rẹ̀. Ó tì o. Nínú ìpele 0 (awakọ̀ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀) dé 5 (ọkọ̀ ló ń ṣe gbogbo rẹ̀) tí wọ́n pín wíwa-ara-ẹni ọkọ̀ sí, kò kọjá ìpele 2, tó kàn ń ran awakọ̀ lọ́wọ́. Tesla, ọkọ̀ oníná Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń pariwo, ẹni tó rà á ṣì gbọ́dọ̀ máa wojú ọ̀nà. Ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ Waymo tó ń gbé èrò láìsí awakọ̀ ní San Francisco ní Amẹ́ríkà, wọn kì í tà á fún ẹnikẹ́ni. Ti Corolla, kámẹ́rà kan wà lẹ́yìn gíláàsì iwájú tó ń wá ìlà ojú títì kó lè fi tọ́ ọkọ̀. Ìlà wo ló fẹ́ rí láti Mayfair dé Lágéèrè? Níbi tí ìlà ti wà gan-an, bí ẹ bá yà fún kòtò láìtan tráfíkétọ̀, sítíárìn lè máa fà yín padà síbi kòtò náà! Bọ́tìnnì rẹ̀ wà lára sítíárìn, ẹ fi pa á.

Bréèkì tó ń tẹ ara rẹ̀ ni mo jowú. Ọkọ̀ èrò kan dúró lójijì níwájú wa, 2020 náà ti ké kí ẹsẹ̀ àbúrò mi tó dé bréèkì.

Ṣùgbọ́n rédà tó ń bá kámẹ́rà wo iwájú fún bréèkì yìí wà lẹ́yìn àmì Toyota iwájú. Tòkunbọ̀ tó ti ní jàǹbá, tí wọ́n fi àmì ayédèrú rọ́pò tàbí tí wọ́n pààrọ̀ gíláàsì láìtún kámẹ́rà ṣe, bréèkì yẹn lè má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ tan ọkọ̀ kí ẹ tó sanwó: bí iná PCS (ti bréèkì tó ń tẹ ara rẹ̀) bá ń ṣẹ́jú lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, tí kò kú, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn. Dípò irú 2020 bẹ́ẹ̀, 2010 tó mọ́ ni kí ẹ mú.