Lébẹ̀ẹ̀lì bíréèlì fún ọmọ iléèwé: èwo ni kí ẹ rà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kìlọ̀. Mo ti ra lébẹ̀ẹ̀lì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì rí. Nínú àwòrán, kókó bíréèlì, ìkọ̀wé tí ẹni tí kò ríran ń fi ìka kà, tò sórí rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Nígbà tó dé, mo fi àtàǹpàkò pa á, ó jọ̀lọ̀ bí ojú dígí. Yíǹkì lásán ni wọ́n fi tẹ kókó náà! Kí ẹ tó sanwó, ẹ di ojú, kí ẹ fi ìka kà á.

Sléètì (férémù oníhò) àti sítáílọ́ọ̀sì (ohun ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí wọ́n fi ń gún kókó) ló dínwó jù. Ẹ béèrè èyí tí téèpù rọ́bà oní-mìlímítà 12 lè wọ̀. Láti ọ̀tún sí òsì lọmọ á máa gún un, torí ẹ̀yìn ni kókó ń yọ sí. Lẹ́tà kan ń gba nǹkan bíi mìlímítà 6, nítorí náà ‘Mathematics’ á fẹ́rẹ̀ẹ́ gba sẹ̀ǹtímítà 7, ṣùgbọ́n ‘Ìṣirò’ ò ju 3 lọ bí ẹ ò bá fi àmì ohùn sí i. Ọmọ lè fúnra rẹ̀ kọ ọ́, ohun tí mo fẹ́ràn níbẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ tíṣà tí kò mọ bíréèlì ò ní rí nǹkan kan kà.

Òbí tí kò mọ bíréèlì ni ẹ̀rọ alọ́wọ́ tó rí bí ìbọn wúlò fún. Ẹ yí àgbá rẹ̀ sí lẹ́tà tí ẹ fẹ́, ẹ fún ọwọ́ rẹ̀, kókó á yọ. Ṣùgbọ́n lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí àwọn tó wọ́pọ̀, kò sí ẹ, ọ àti ṣ, bẹ́ẹ̀ bíréèlì Yorùbá ní wọn. Owó àti ọwọ́ á di ‘owo’ kan náà. Téèpù rẹ̀ sì le: lára ike oúnjẹ tó tẹ́jú, ó dúró; lára bírò, etí rẹ̀ á ká sókè, á sì bó.

Fún kíláàsì, rọ́bà pẹlẹbẹ tó mọ́ gaara ni mo fara mọ́ jù. Ẹ tẹ ọ̀rọ̀ náà gàdàgbà sórí ìwé, ó kéré tán ìwọ̀n lẹ́tà 18, kí ẹ lẹ rọ́bà tí ẹ ti kọ bíréèlì sí lé e lórí. Tíṣà, ọmọ tó ń ríran díẹ̀ àti èyí tí kò ríran rárá á jọ ka ohun kan náà. Dúdú lórí yẹ́lò máa ń hàn dáadáa. Ẹ má lo ìwé tó ń dán, ìmọ́lẹ̀ á máa kọ mọ̀nà lójú ọmọ. Ẹ̀rọ ìkọ̀wé bíréèlì tí wọ́n ń pè ní Perkins, tó ti wà látọdún 1951, ló ń kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ ó wọ́n, ó sì wúwo tó kílò 5. Bí iléèwé bá ti ní in, rọ́bà nìkan ni kí ẹ rà.

Bírò tó ń sọ̀rọ̀ ńkọ́, irú PenFriend ti RNIB, àjọ àwọn tí kò ríran nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ẹ fi kan sítíkà, ẹ sọ̀rọ̀ sí i, ó tán. Bí ọmọ bá tún fi kan sítíkà náà, á gbọ́ ọ: “Ìwé Bàọ́lọ́jì rẹ nìyí, má gbàgbé ẹ̀ sílé o,” lóhùn ìyá ẹ̀ gan-an. Ẹni tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, tí kò tíì kọ́ bíréèlì, ló yẹ. Kì í kọ́ ọmọ kékeré ní sípẹ́lì, bátìrì sì lè kú.

Ti aṣọ iléèwé, ẹ má ra ìkankan nínú wọn, omi ìfọṣọ á bó wọn. Ẹ ta kókó òwú kan sínú ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì funfun, méjì sí ti búlúù.