Fláàṣì àpàlà tí mo gbà ní Ṣàpọ́n: Hárúnà àti Àyìnlá, ta ló mọ ọ̀rọ̀ tò jù?

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta tẹ́ ẹ fẹ́ràn àpàlà, ẹ gbọ́ o. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Ṣàpọ́n tí wọ́n ti ń bá èèyàn kọ orin sórí fláàṣì àti mẹ́mórì, mo gbé fláàṣì tèmi lọ, mo ní kí wọ́n kó Hárúnà Ìṣọ̀lá àti Àyìnlá Ọmọwúrà sí i fún mi. ₦1,500 ni wọ́n gbà, kò sì wọ́n rárá, torí ohùn ẹ̀ mọ́ gan-an, ẹ máa gbọ́ ìlù Adéwọlé Onílùọlá lẹ́yìn Àyìnlá kedere, títí dórí ọ̀rọ̀ tó ń fi ìlù sọ.

Ohun tó bí mi nínú ni pé wọ́n ti gé àwọn orin yẹn sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì da tàwọn méjèèjì pọ̀ mọ́ra. Àwo ayé ìgbà yẹn, ojú kan lè máa lọ látìbẹ̀rẹ̀ dópin láìdúró, ọ̀rọ̀ á máa wọnú ọ̀rọ̀. Gígé yìí ò fi bẹ́ẹ̀ pa Àyìnlá lára, àmọ́ ó ba ti Hárúnà jẹ́, ìdí ẹ̀ ni pé àwọn méjèèjì ò to ọ̀rọ̀ bákan náà.

Hárúnà kì í kánjú. Òun ni wọ́n ń pè ní Bàbá Ńgánì Àgbà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni, tó bá fẹ́ yin èèyàn, kò ní kàn pe orúkọ ẹ̀ kó máa lọ. Á kọ́kọ́ fi òwe lélẹ̀, á fi àdúrà tì í, á pe bàbá onítọ̀hún, á pe ìyá ẹ̀, á darúkọ ìlú ẹ̀, àwọn elégbè á gbà á, ìgbà yẹn ló tó máa wá tú oríkì, nígbà tó bá máa fi kan orúkọ ẹni yẹn gan-an, ẹ ti mọyì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó mọ̀ ọ́n. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ọba ìlú ẹ̀, Orímolúsì Adéboyè, ló kọrin fún nínú àwo ẹ̀ àkọ́kọ́ lọ́dún 1948. Ẹ tún wo èyí tó kọ fún Oroki Social Club ní 1971, ẹgbẹ́ àwọn èèyàn Òṣogbo ni o, ẹni tí ò dé Òṣogbo rí á gbọ́ ọ, á fẹ́ wọ ẹgbẹ́!

Àyìnlá ní tiẹ̀, kò sí pé ó ń bọ̀ lọ́nà, ó ti dé. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ ní gáréèjì ló ṣe ń kọ ọ́, Ẹ̀gbá pọ́ńbélé. Ohun tí rédíò bá sọ láàárọ̀, ó lè dorin: ìkànìyàn 1973, owó Udoji tí ìjọba Gowon fi kún owó òṣìṣẹ́, gbogbo ẹ̀ ló kọ lórin, àwa tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn gan-an mọ bí ìgboro ṣe gbà á. Tó bá sì jẹ́ ọ̀tá ló fẹ́ bá wí, "ìwọ" ló máa pè é, ìlà kọ̀ọ̀kan dá dúró, ó sì ń ta bí ata. Ẹ gé e síbi tó wù yín, á ṣì ta.

Èmi ọmọ Ẹ̀gbá ni, orin Àyìnlá ni wọ́n fi tọ́ mi, kò sì sẹ́ni tó mọ ìròyìn kọ lórin tó o. Àmọ́ tó bá di ká to ọ̀rọ̀ kó dúró, Hárúnà ni mo máa mú, mi ò sì ní jiyàn ẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá fojú inú wò ó, Hárúnà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa òwe tán, àwọn elégbè ṣẹ̀ṣẹ̀ yanu, wọ́n gé e gbàù, Àyìnlá sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹni tí mi ò mọ̀. Ẹni tí òwe yẹn wà fún wà ní fáìlì mẹ́ta sísàlẹ̀!

Mo padà lọ bá wọn. Ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ò fa wàhálà, ó ní odidi ẹ̀ wà lórí kọ̀ǹpútà, pé àwọn kọ́sítọ́mà ló máa ń fẹ́ gígé, ló bá kọ òmíì fún mi láìgba kọ́bọ̀. Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún wọn. Tẹ́ ẹ bá ń lọ, ẹ tètè sọ pé odidi ojú àwo lẹ fẹ́, kẹ́ ẹ sì ní kí wọ́n kọ orúkọ àwo àti ọdún tó jáde sí i, torí "Track 07" tí wọ́n kọ sí tèmi yẹn ò ràn mí lọ́wọ́ rárá.