Ọdún mẹ́rin pẹ̀lú Lexus RX 350 tòkunbọ̀: ibi tí owó mi gbà lọ

Nígbà tí mo fẹ́ ra jíìpù yìí ní 2021, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n mi bi mí: "Owó tí o máa fi rà á wà nílẹ̀, èyí tí o máa fi tọ́jú rẹ̀ ńkọ́?" Ẹ̀rín ni mo fi dá a lóhùn. Mo san mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ó lé díẹ̀, mo wa ọkọ̀ mi láti Èkó wá sí Ìbàdàn, mo sì gbà pé ìnáwó ti tán. Ìwé kékeré kan wà nínú àpótí iwájú ọkọ̀ náà tí mo ń kọ gbogbo ohun tí mo bá ná lé e lórí sí. Inú ìwé yẹn ni mo ti ń wo ohun tí mo ń sọ yìí.

Ti 2010 ni. Nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì iwájú rẹ̀ fi 2T2 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ni pé Kánádà ni wọ́n ti tò ó, ní Cambridge, Ontario; èyí tí wọ́n bá tò ní Jàpáàn, J ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Amẹ́ríkà ló ti lo ìgbà èwe rẹ̀, torí máìlì ló fi ń ka ìrìn, Fahrenheit ló sì fi ń ka òtútù. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ìyàwó mi wọ̀ ọ́, ó wo ojú éèsì, ó ní, "Dádì, 72 rèé o, ṣé wọ́n fẹ́ sè wá ni?" Máàpù inú rẹ̀ kò mọ Mọ́kọ́lá, kò mọ Dùgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, ariwo ọlọ́kadà á dà bí ẹni pé ilé kejì ló ti ń bọ̀. Ti ìgbádùn, n kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti jókòó sínú rẹ̀ rí ti mọ̀.

Ohun tí ìwé mi fi hàn mí ni pé ọkọ̀ yìí fúnra rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ bàjẹ́. Ọwọ́ àwọn èèyàn tó ń fọwọ́ kàn án ló kó èyí tó pọ̀ jù nínú owó mi lọ.

Ẹ gbọ́ ti gíà ná. Ọ̀pá tí à ń fà yọ láti wo ọ́ìlì gíà kò sí lára ọkọ̀ yìí. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ́ìlì gíà ṣe tó, yóò gbé ọkọ̀ sókè kó dúró lọ́gbọọgba, yóò jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ títí gíà fi móoru dé ìwọ̀n kan, yóò wá ṣí nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀ kí èyí tó pọ̀ jù ro jáde. Ní 2022, gíà bẹ̀rẹ̀ sí í fà díẹ̀ bí mo bá fẹ́ kúrò lójú kan. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí wọ́n júwe fún mi. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀, ó wá ọ̀pá títí, kò rí i. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n ti jí ọ̀pá yín lọ." Kí n tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti rán ọmọṣẹ́ rẹ̀ lọ ra ọ́ìlì gíà pupa kan, ₦6,000, ó sì ti dà á síbẹ̀.

Ọ́ìlì tí wọ́n ń pè ní Toyota WS ni gíà yẹn ń mu (Toyota ló ni Lexus), kò bá òmíràn ṣe. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ọkọ̀ fi ń ta mí nípàá bí ẹni fi orúnkún gún ẹ̀yìn àga. Mẹkáníìkì kejì, tí mo ṣì ń lò di òní, ló ṣí ìdí gíà náà. Ohun tó ro jáde dúdú bí àgbo ibà, ó ń rùn bí ẹ̀pà tó jóná nínú yanrìn. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá yí i, ó ní kí n fọwọ́ kàn án. Kò yọ̀ mọ́ bí ọ́ìlì ṣe ń yọ̀. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé bí a bá tú u lẹ́ẹ̀kan, èyí tó pọ̀ ṣì máa kù sínú, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mẹta la tú u, tí a rọ WS tuntun sí i, tí mo ń wà á ní ọjọ́ mélòó kan láàárín. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹta kí gíà tó padà sípò. ₦85,000 ló wà nínú ìwé mi fún ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ₦6,000.

Ti pílọ́ọ̀gì ló dùn mí jù. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní pílọ́ọ̀gì mẹ́fà: mẹ́ta wà níwájú tí ọmọdé lè dé ibẹ̀, mẹ́ta wà lẹ́yìn, lábẹ́ màníífóòdù tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì, tí èèyàn gbọ́dọ̀ tú nǹkan kalẹ̀ kó tó rí wọn. Ẹnì kan gba owó mẹ́fà lọ́wọ́ mi, ó gba owó iṣẹ́ mẹ́fà. Nígbà tí ọkọ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n tí iná ẹ́ńjìnnì sì tàn, a tú u wò: mẹ́ta iwájú ń dán yinrinyinrin, mẹ́ta ẹ̀yìn jẹ́ àwọn tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà, ẹnu wọn ti jẹ tán. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń gba èyí tí wọ́n bá yọ. Bí wọ́n bá ní mẹ́fà làwọn pààrọ̀, mo fẹ́ ka àlòkù mẹ́fà sínú ọ̀rá kí n tó sanwó.

Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, n kò ní ẹjọ́ kankan láti bá a rò. 2GR-FE ni wọ́n ń pè é, lítà 3.5. Ṣéènì ló ń yí i nínú, kì í ṣe bẹ́líìtì, nítorí náà ẹ kò ní tìtorí tímíǹgì bẹ́líìtì náwó. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló wà nínú àwọn ọkọ̀ Toyota bíi Camry V6, Highlander, Sienna àti Venza ìgbà náà. Nítorí èyí, bí ẹ bá dé Ládípò, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, ẹ má pe Lexus rárá. Ẹ ní ti Highlander lẹ ń wá. Bí Lexus bá ti jáde lẹ́nu yín, owó á fò sókè lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún èyí tó jẹ́ ti nǹkan bí 2007 ṣáá: páìpù ọ́ìlì kan wà lára ẹ́ńjìnnì ìgbà náà tí àárín rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Ó máa ń bẹ́, Toyota fúnra wọn ṣètò láti fi onírin rọ́pò rẹ̀. Bí ó bá bẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀ tí ẹ kò tètè pa ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì lọ nìyẹn.

Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ń lọ sí lítà mẹ́fà ó lé díẹ̀, kéègì onílítà mẹ́rin kan kò tó o. Máìlì 3,000 ni mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Búṣì abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀nà wa ń jẹ. Mo ti pààrọ̀ ti iwájú lẹ́ẹ̀mejì, èyí àkọ́kọ́ sì jẹ́ bẹ́ljíọ̀mù tí mo rà torí owó pọ́ọ́kú. Oṣù mẹ́rin péré ló lò. Rọ́bà tó ti gbó ní òkè òkun kò ní di tuntun torí pé ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Táyà 235/60R18 ló ń wọ̀, wọ́n wà káàkiri, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n.

Epo bẹntiróòlù wá ńkọ́? Inú táǹkì rẹ̀ ń gba bíi lítà 72. Nígbà tí mo rà á, ₦165 ni lítà kan, tí mo bá kún un, kò tó ₦12,000. Ní May 2023 ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà kan di ₦488 ní Èkó, ó sì wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ níbòmíràn. Nígbà tó fi máa parí 2024, lítà kan ti kọjá ₦1,000. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìwó Ròòdù, mo máa ń wo ọwọ́ epo bó ṣe ń wálẹ̀ ju bí mo ṣe ń wo ojú ọ̀nà lọ. Mo ti wá ra Corolla kékeré kan tí à ń gbé lọ síbi iṣẹ́. Jíìpù ti di ti òpin ọ̀sẹ̀ àti òde.

Bí ẹ bá ṣì fẹ́ rà á, ẹ tẹ bọ́tìnnì ìtaná rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìfẹsẹ̀ tẹ bíréèkì, kí ẹ má tíì ta ẹ́ńjìnnì, kí ẹ wo iná éà-báàgì lójú dáṣíbọọ̀dù. Ó yẹ kó tàn kó sì kú. Bí kò bá tàn rárá, ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ torí pé báàgì ti bẹ́. Ẹ tún tẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀ bóyá kátálíìsì, ohun tó ń fọ èéfín ọkọ̀ mọ́, ṣì wà nídìí sàléńsà, torí àwọn kan máa ń yọ ọ́ tà ní owó ńlá. Oníṣòwò tó bá ń bínú pé ẹ tẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ dágbére fún un.

Ẹ̀gbọ́n mi tó bi mí ní ìbéèrè ìjọ́sí wá yá a lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Òṣogbo lóṣù tó kọjá. Ó dá a padà lálẹ́ ọjọ́ Sunday, ó ní ọkọ̀ náà dùn-ún wà, ó kí mi kú ìtọ́jú. Mo wọlé síbẹ̀, mo tẹ bọ́tìnnì ìtaná: iná epo ń ṣẹ́jú sí mi.