Ọgbà Ọmọ Igi Kan Lọ́nà Òru, àti Igi Eléso Tó Lè Fara Da Ẹ̀ẹ̀rùn Ṣakí

Nígbà tí ìyàwó mi jogún éékà ilẹ̀ méjì ní ìgbèríko Ṣakí, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí ọmọ Ìjẹ̀bú tó dàgbà sábẹ́ kòkó àti obì, ni pé kí n kó ọmọ igi píà lọ síbẹ̀. Ẹni tó gbà mí lọ́wọ́ àṣìṣe náà ni ọkùnrin tó ń tọ́jú ọgbà ọmọ igi kan lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Òru, níbi tí mo ti ra igi mẹ́tàlélógún ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá. Àwọn igi náà ti la ẹ̀ẹ̀rùn kan já báyìí, mo sì lè sọ bí ọjà rẹ̀ ti rí.

“Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ ibo lẹ fẹ́ gbìn ín sí?” ni ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí, kó tó dárúkọ owó kankan. Nígbà tí mo ní Ṣakí ni, ó ní kí n fi píà sílẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ kì í wọlẹ̀ jìnnà, ọ̀rinrin òkè ilẹ̀ ló sì gbójú lé. Tí ọyẹ́ bá ti fa ilẹ̀ gbẹ, ewé rẹ̀ á rọ, á sì máa rẹ̀ dànù. Píà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ rẹpẹtẹ lọ́jọ́ náà. Ohun tó mú mi gbà á gbọ́ lórí ìyókù nìyẹn.

Ó wá mú ọmọ igi kajú kan, ó fi abẹ ya ọ̀rá dúdú ìdí rẹ̀, ó sì gbọn iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí olórí gbòǹgbò fi hàn: ó funfun, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì nà gbọnrangandan sísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló mú òmíràn tó ga jù ú lọ dáadáa, èyí tí èmi ìbá yàn nítorí gíga rẹ̀. Gbòǹgbò ti ìyẹn ti kan ìdí ọ̀rá, ó sì ti ká róbótó bí òṣùká. Ó ní irú igi bẹ́ẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ lójò, ṣùgbọ́n gbòǹgbò tó ti ká kì í wá omi lọ sísàlẹ̀ mọ́, ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló sì máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Kajú méjìlá ni mo rà, nítorí igi yìí lè so níbi tí òjò ọdún kan kò ti tó 1,000 mílímítà, bí omi kò bá ṣáà ti dúró sí ìdí rẹ̀. Máńgòrò mẹ́fà ni mo kó, irú èyí tí wọ́n ń pè ní Kent àti Keitt, gbogbo wọn ló sì jẹ́ èyí tí wọ́n ti lọ́ sára igi mìíràn, ìyẹn ni pé wọ́n gé ẹ̀ka igi tí a fẹ́ èso rẹ̀, wọ́n sì so ó mọ́ ìdí igi mìíràn kí méjèèjì lè dàgbà pọ̀. Máńgòrò fẹ́ ọ̀gbẹlẹ̀ kó tó yọ òdòdó, bí òjò bá sì bá òdòdó náà lórí igi, èbu á sọ ọ́ di dúdú, á sì gbọ̀n dànù. Nítorí náà, ilẹ̀ Ṣakí lè yẹ ẹ́ ju ti àwa ará Ìjẹ̀bú lọ. Ọsàn márùn-ún tó kù ni wọ́n lọ́ sára lẹ́mọ́ọ̀nù eléèpo hágahàga, tí gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìnnà. Èso tó wà lókè ni èmi máa ń bèèrè tẹ́lẹ̀, láìmọ̀ pé ìdí tí wọ́n lọ́ ọ sí ni yóò bá ẹ̀ẹ̀rùn jà.

Kajú mọ́kànlá ló yè, ọsàn márààrún náà yè, ṣùgbọ́n máńgòrò méjì já mi kulẹ̀. Apá òkè tí wọ́n lọ́ mọ́ wọn ti gbẹ, ọ̀mùnú tó ń yọ sì ti ìsàlẹ̀ ojú ibi tí wọ́n ti lọ́ ọ wá, ìyẹn ni pé máńgòrò lásán ni yóò dà. Ọkùnrin náà fi ọ̀kan rọ́pò fún mi láìjiyàn. Ohun tí n kò lè gbójú fò ni pé ẹfun ló fi kọ orúkọ sára ọ̀rá, òjò sì ti fọ̀ ọ́ dànù kí a tó dé Ìbàdàn, tí n kò fi mọ Kent yàtọ̀ sí Keitt mọ́. Ẹni tó bá san 3,500 náírà lórí igi kan yẹ kó mọ ohun tó gbìn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé igi tó ń fara da ọ̀dá kò nílò omi. Kẹ́ẹ̀gì omi kan ni à ń bu sí ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀, láti oṣù kọkànlá títí wọ oṣù kẹta, a sì fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ yí i ká. A ó tún ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, torí gbòǹgbò wọn kò tíì jinlẹ̀ tó. Bí òjò bá ti fìdí múlẹ̀, n ó padà lọ ra kajú mẹ́wàá sí i lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì mú páálí àti bírò dání.