CD-R Àbí CD-RW? Èwo Ni Ẹ̀rọ Inú Ọkọ̀ Yóò Gbà?

Nígbà tí bàbá mi pé àádọ́rin ọdún, mo kọ gbogbo orin tí wọ́n kọ níbi ayẹyẹ náà sórí CD kan, mo sì fi ta wọ́n lọ́rẹ. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń dún ketekete. Nígbà tó dé inú ọkọ̀ bàbá, tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rọ ibẹ̀ gbé e mì, ó yí i títí, ó sì tì í síta. Ó dùn mí gan-an. CD-RW ni mo rà, torí ẹni tó tà á fún mi ní òun ló dára jù, pé èèyàn lè pa tàtijọ́ rẹ́ kó kọ òmíràn sí i.

Òótọ́ ló sọ nípa pípa rẹ́. Ohun tí kò sọ ni bí lésà, ìyẹn ìmọ́lẹ̀ tí ẹ̀rọ fi ń ka CD, ṣe ń ka CD-RW yìí àti CD-R, èyí tí a kò lè pa rẹ́. Aró ló wà nínú CD-R. Lésà á jó ojú aró náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó parí. Ẹ̀yìn aró yìí ni irin dídán wà, tó ń dá bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà tàbí jù bẹ́ẹ̀, èyí tó sún mọ́ ti CD tí àwọn olórin ń tà. Àdàpọ̀ irin tó ń yíra padà ni wọ́n fi ṣe CD-RW ní tirẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó ń dá padà kò sì ju bí ìdá 15 sí 25 lọ. Ọdún 1997 ló jáde. Ẹ̀rọ tí wọ́n ti ṣe ṣáájú ìgbà yẹn kò retí ìmọ́lẹ̀ tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀ náà kò sì lè kà á. Tó bá jẹ́ orin ni, CD-R ni kí ẹ rà.

Ẹ tún wo iye ìṣẹ́jú tó wà lára rẹ̀. Ti ìṣẹ́jú 74 (650 MB) àti ti 80 (700 MB) kò ní wàhálà. Ẹ yẹra fún ti 90: wọ́n fún ìlà inú rẹ̀ pọ̀ kọjá ìlànà, orin tó wà ní ìparí ló sì sábà máa ń fò.

Ẹ máa rí èyí tí wọ́n kọ “Music” sí lára, tó wọ́n ju àwọn yòókù lọ. Ohùn rẹ̀ kò dára jù. Àmì kan wà nínú rẹ̀ tí ẹ̀rọ ìkọ-CD tó ń dá ṣiṣẹ́ láìlo kọ̀ǹpútà máa ń wá. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1992 sì fi owó àwọn olórin kún ẹ̀rọ àti CD irú èyí. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà kò nílò rẹ̀. DVD-R ńkọ́? Ẹ̀rọ CD kò lè kà á rárá.

MP3 (fáìlì orin tí wọ́n fún pọ̀ kó lè kéré) tàbí audio CD (irú èyí tí àwọn olórin ń tà)? CD 700 MB á gba orin MP3 bíi wákàtí 12 ní 128 kbps (ìwọ̀n bí wọ́n ṣe fún orin pọ̀ tó), àmọ́ bí kò bá sí “MP3” lójú ẹ̀rọ yín, ó lè má dún rárá. Ẹ yan “audio CD” nígbà tí ẹ bá ń kọ ọ́, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ti CD náà pa pátápátá ní ìparí (“finalize” ni wọ́n ń pè é), torí èyí tí kò bá tíì tì pa, kọ̀ǹpútà nìkan ló sábà ń mọ̀ ọ́n kà. Bí ó bá jẹ́ ìwàásù tàbí eré ojú agbo tí kò dúró, ẹ yan “disc-at-once” (kíkọ gbogbo CD lẹ́ẹ̀kan náà láìdúró) kí ìdákẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 2 má baà gé e. Ní ti eré tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ ọ́, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 52x sára páálí, 16x ni èmi máa ń lò.

Ẹ má lẹ lébẹ̀ẹ̀lì mọ́ ọn, ó máa ń mú kí CD gbọ̀n bó ṣe ń yí. Ẹ̀yìn CD tí a ń fi ọwọ́ kọ nǹkan sí gan-an ló gbẹgẹ́ jù: abẹ́ rẹ̀ tí à ń ṣọ́ ní ike tó nípọn tó mílímítà 1.2, ṣùgbọ́n lókè, ọ̀dà fẹ́lẹ́ ló bo irin náà. Bó bá ha níbẹ̀, orin ti lọ nìyẹn.

Kí ẹ tó ra páálí tí CD 50 wà nínú rẹ̀, ẹ ra ẹyọ kan tàbí méjì, ẹ kọ orin sí i, kí ẹ sì fi dán ẹ̀rọ tó gbó jù nílé yín wò.