Mockito àti method àjogúnbá: spy ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, `super` ń gba ojú fèrèsé

Kíláàsì ọmọ jogún `save()` lọ́wọ́ kíláàsì òbí, `save()` ọ̀hún sì ń kọ nǹkan sínú dátábéèsì. Ẹ fẹ́ dán `process()` ti ọmọ nìkan wò, ẹ ò fẹ́ kí dátábéèsì dá sí i. Ní Java, Mockito, irinṣẹ́ tó ń fi ayédèrú rọ́pò kóòdù gidi nígbà ìdánwò, ń ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa, àfi tí `super`, ọ̀rọ̀ tí ọmọ fi ń pe kóòdù òbí, bá ti wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ẹ má lo `mock()` níbí, torí ó máa sọ `process()` tí ẹ fẹ́ dán wò gan-an di òfìfo. `spy()` ni kí ẹ lò: kóòdù gidi ló ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àyàfi method tí ẹ bá rọ́pò. `doReturn(true).when(spy).save()` ló tọ̀nà. Ẹni tó bá kọ `when(spy.save()).thenReturn(true)` ti pe `save()` gidi kí Mockito tó gbọ́ ohun tó fẹ́. Spy sì máa ń ṣe àdàkọ ohun tí ẹ bá kó fún un, nítorí náà orí `spy` ni kí ẹ ti pe `process()`. Tí ẹ bá pè é lórí ògidì, ìrọ́pò yín já sófo.

Spy kò lè gbà yín lọ́wọ́ constructor òbí, ìyẹn kóòdù tó ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ẹ bá fi `new` dá nǹkan sílẹ̀. Ká ní `Invoice` ni kíláàsì ọmọ, `spy(new Invoice())` ti la inú rẹ̀ kọjá kí spy tó délẹ̀. `mock(Invoice.class, CALLS_REAL_METHODS)` máa fo constructor, àmọ́ gbogbo field á wà ní null tàbí òdo, NullPointerException, àṣìṣe lílo ohun tó jẹ́ null, ló sì sábà ń tẹ̀lé e.

Ẹ̀dà 5 ti Mockito, tó jáde ní 2023, ń rọ́pò method tó jẹ́ `final` (tí ọmọ ò lè tún kọ) láìsí ètò àfikún, ṣùgbọ́n ó fẹ́ Java 11 ó kéré tán. `private`, tí kíláàsì tó ni ín nìkan lè pè, ṣì jẹ́ èèwọ̀. Ní ti `protected`, tí àwọn ọmọ àti àwọn ará package òbí lè pè, tí òbí bá wà nínú package mìíràn, compiler ò ní jẹ́ kí ìdánwò yín pè é. Ẹ gbé ìdánwò náà sínú package òbí.

Ibi tó ti ń kọsẹ̀ gan-an rèé. Bí ọmọ bá tún `save()` kọ, tó sì pe `super.save()` nínú rẹ̀, ẹ ò lè rọ́pò apá ti òbí nìkan. `invokespecial`, àṣẹ tí compiler sọ `super.save()` dà nínú bytecode, ń lọ tààrà sí kóòdù òbí, kò ya ọ̀dọ̀ spy. Python kò mọ wàhálà yìí: ìgbà tí `super().save()` bá ń ṣiṣẹ́ ló tó ń wá method rẹ̀, nítorí náà `patch.object(Parent, "save", autospec=True)` inú unittest.mock, irinṣẹ́ ìdánwò ti Python fúnra rẹ̀, á mú un. Ẹ ṣọ́ra ṣá, gbogbo ọmọ òbí yẹn ló kàn títí patch á fi parí.

Ní Java, tí ọmọ kò bá tún method náà kọ, ẹ yọ `super.` kúrò, `save()` lásán ni spy á mú. Tó bá tún un kọ, ẹ fi `super.save()` sínú method kékeré kan tó jẹ́ `protected`, kí ẹ wá rọ́pò ìyẹn.

Mẹ́rin nínú márùn-ún la fún Mockito. Tí ẹ bá wá rí i pé ẹ ń ṣe irú àwọn method kékeré bẹ́ẹ̀ mẹ́ta nínú kíláàsì kan, Mockito kọ́ ló ṣẹ̀ yín o. Òbí ti ń ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀: ẹ gbé kíkọ sí dátábéèsì lọ sínú kíláàsì ọ̀tọ̀, ẹ gba ẹnu constructor fi í ránṣẹ́, `mock()` lásán á sì tó.